Kásẹ́ẹ̀tì Júpítà Nílé Alfa

Nílé wa, ọ̀rọ̀ kì í wọlé bí kò bá tíì sọ ẹni tó rán an wá. Bí o bá ti ọjà dé tí o ní wọ́n ní òjò wó ògiri kan ní Pàkátà, bàbá mi á kọ́kọ́ wò ọ́ láti òkè délẹ̀. Á ní, "Wọ́n ní. Àwọn wo ni wọ́n?" Bí o bá sọ ẹni tó sọ ọ́, á bi ọ́ bóyá ẹni náà wà níbẹ̀ ni àbí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹnu rẹ bá wá kọ́ níbì kan, ọ̀rọ̀ rẹ dòfo nìyẹn. Nígbà tó yá, a kì í sábà mú ìròyìn wálé mọ́, torí ó máa ń rẹ èèyàn lẹ́nu.

Alfa ni bàbá mi. Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, ilé kéú rẹ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wàláà onígi lórí itan wọn. Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tún mọ̀ ọ́n mọ́ ni bíbi àwọn ẹlẹ́rìí oṣù léèrè. Bí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ìlú ń wojú ọ̀run, iwájú òun àti àwọn alfa mìíràn ni wọ́n máa ń kó àwọn tó bá ní àwọn rí oṣù wá. Mo ti rí àgbàlagbà tó wọlé tayọ̀tayọ̀, tó sì jáde tó ń nu òógùn. Ibo lo dúró sí? Ibo lo kọjú sí? Apá ibo ni ìwo rẹ̀ yà sí? Ṣé kùrukùru wà níbẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi á wá béèrè èyí tó máa ń fi sẹ́yìn: "Má sọ ohun tí o rò fún mi. Kí lo rí?"

Ọ̀pọ̀ kì í lè dáhùn ìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí oṣù yọ ni, ojú wọn sì bá wọn yọ ọ́.

Èmi náà jogún ìfura yìí, mi ò sì tijú rẹ̀. Títí dòní, bí ẹnì kan bá kí mi jù bó ṣe yẹ, mo máa ń yẹ báàgì mi wò.

Lọ́dún 1979, mo jáde fọ́ọ̀mù fáìfù nílé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin kan níbí nílùú. Mo fẹ́ lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Bàbá mi fẹ́ kí n lọ kọ́ èdè Lárúbáwá nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí n sì padà wá bá òun mú kéú. Kò bínú sí mi, kò sì pariwo lé mi lórí. Ó kàn ní òun kò mọ àwọn tó ń kọ́ni ní físíìsì, òun kò mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, òun kò sì ní fa ọmọ òun lé ọ̀rọ̀ tí òun kò mọ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá là á lẹ́nu pé kí n máa lọ, kò sí ibi tí mò ń lọ. Kò tíì sí obìnrin kankan nínú agboolé wa tó lọ yunifásítì rí, àwọn àbúrò bàbá mi sì ti ń bi ìyá mi pé ìgbà wo ni wọn yóò fi mí fọ́kọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lọ́dún náà.

Tíṣà físíìsì wa ló ní òun á bá mi bẹ bàbá mi. Ará Ọ̀mù-Àrán ni, onígbàgbọ́ pọ́ńbélé, ó ga, ó tínrín, máṣíìnì tó sì ń gùn, ariwo rẹ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Ó ti wá sílé wa rí. Gbogbo ìgbà tó bá wá ni ìyá mi ń bu omi fún un láti inú àmù, gbogbo ìgbà náà ló sì ń sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán. Nínú oòrùn Ìlọrin. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan lójú rẹ̀, àmọ́ ní gbàrà tí ariwo máṣíìnì bá ti jìnnà ló máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà yẹn kì í mu omi wa."

"Bóyá òǹgbẹ ò gbẹ ẹ́ ni," ìyá mi á ní.

"GRA ló ti gun máṣíìnì wá. Ó ní nǹkan tó ń rò sí wa."

Èmi náà ń fura sí tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ló ń ṣe. Mo ń bi ara mi pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kó lè sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun mú ọmọ alfa wọ yunifásítì ni? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló ní lọ́kàn? Mo ń ṣọ́ ọ bí ìyá mi ṣe ń ṣọ́ ìkòkò tó bá fẹ́ rà, tó máa ń fi ìka kàn án yí po, tó ń fetí sí i bóyá ó sán níbì kan. Mi ò tíì rí ibi tó sán.

Nǹkan tó gbé wá fún bàbá mi ni kásẹ́ẹ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ọkọ̀ kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà jù sójú ọ̀run, tí èèyàn kankan ò sí nínú rẹ̀, kọjá lẹ́bàá Júpítà, èyí tó tóbi jù nínú àwọn ayé tó ń yí oòrùn po. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ náà láti fi wọn ìgbì inú pílásímà. Tíṣà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní kíláàsì: ó ní òfìfo tí à ń rí lókè yẹn kò ṣófo pátápátá, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, tí iná mànàmáná wà lára ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní pílásímà. Nǹkan náà máa ń mì bí omi ṣe ń mì nínú garawa tí a bá gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà gígùn tó yọ síta lára ọkọ̀ náà ló ń mọ ìmìtìtì yẹn lára, ọkọ̀ á sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Rédíò òkèèrè kan gbé ohun tí wọ́n rí gbà sáfẹ́fẹ́, tíṣà sì gbà á sílẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ lù ú fún wa ní kíláàsì, ó ní ohùn Júpítà ni. Ara mi kò gbà á. Lọ́dún tó ṣáájú, tíṣà yìí kan náà ló gbé agogo sínú gíláàsì, tó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ síta, tí agogo sì ń mì láì dún. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò sí ìró. Nígbà tí kíláàsì tú, mo bá a lọ sídìí tábìlì rẹ̀, mo bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, kì í ṣe ohùn, ìmìtìtì iná ni wáyà mọ̀ lára, àwọn tó wà nílé ló gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí etí lè rí i gbọ́. Ó tilẹ̀ ṣàlàyé èyí tó ń súfèé nínú rẹ̀ fún mi dáadáa. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n 'ohùn' ló dùn ún sọ. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀."

Mo fi ìyẹn pamọ́ sínú mi. Mo mọ̀ pé bàbá mi kò sí lára àwọn èèyàn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé e wá, òjò ń ṣú. A ti kírun Àsárì tán, kéú ti tú, àwọn ọmọ ń fọ wàláà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, omi dúdú tàdáwà tí wọ́n fi kọ̀wé sí i ń ṣàn lọ sínú agbada. Bàbá mi jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀. Rédíò kékeré rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, torí ó ń dúró de ìròyìn. Ìyá mi bu omi fún tíṣà, ó gbé e síwájú rẹ̀. Tíṣà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán.

Ó gbé rẹkọ́dà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ó kọ́kọ́ ń ta ṣàṣà bí ìgbà tí nǹkan bọ́ sínú epo gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni súfèé bẹ̀rẹ̀. Súfèé kan á ti òkè réré wá, á máa rọlẹ̀, á máa rọlẹ̀, títí yóò fi wọlẹ̀ lọ, òmíràn á tún tẹ̀lé e. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé orí.

"Àlùjọ̀nnú nìyí," ó ní.

Bàbá mi kò bá a wí. Nínú kéú wa, gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé àwọn àlùjọ̀nnú kan wà tó máa ń gòkè lọ jí ọ̀rọ̀ ọ̀run gbọ́, pé iná ni wọ́n sì fi ń lé wọn padà. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní òun gòkè lọ fetí sílẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn nìyẹn. Bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí awọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín yẹn," ó ní, "ṣé wọn ò jù ú níná?"

Tíṣà wò mí, ó wo bàbá mi. Mo rí i pé ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Rárá o, Alfa. Ó kọjá ní àlàáfíà."

"Ìràwọ̀ wo lẹ sì pè é?"

"Júpítà. Òun ló tóbi jù."

"Múṣítárì," ni bàbá mi wí, ó sì mi orí. Orúkọ tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi kọ́ ọ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìṣirò ojú ọ̀run. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti ya tíṣà lẹ́nu. Ọdún mélòó ni mo ti ń bá bàbá mi gbé, tí mi ò mọ̀ pé ó mọ ìràwọ̀ náà dunjú.

Bí ó ṣe gbá agbádá rẹ̀ sẹ́yìn báyìí, mo mọ̀ pé ẹ̀rí oṣù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ náà ni, Alfa."

"Ó sọ fún ta?"

"Fún eriali ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níhìn-ín láyé."

"Eriali ńkọ́?"

"Ó kó o fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kó o fún àwọn onímọ̀. Àwọn onímọ̀ kó o fún rédíò."

"Rédíò sọ fún yín, ẹ̀yin náà wá ń sọ fún mi." Bàbá mi fi ìka ka gbogbo wọn láti ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Nínú gbogbo àwọn tí ẹ kà yìí, ta ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ nìkan ni."

"Ẹ má sọ ohun tí ẹ rò fún mi, Tíṣà. Kí ni ẹ̀rọ náà gbọ́?"

Tíṣà gbé àyà sókè. "Ohùn Júpítà ni, Alfa."

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo gbàdúrà kó yí ọ̀rọ̀ náà padà, kò yí i padà. Bàbá mi wá yíjú sí mi. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sọ mí, nítorí náà "Ìyá mi" ni òun náà máa ń pè mí.

"Ìyá mi, ọ̀dọ̀ wọn lo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ohùn ni?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi á tú u wò títí yóò fi rí ibi tó ti sán, físíìsì á sì di irọ́ pátápátá lójú rẹ̀, èmi náà á di ọ̀kan lára àwọn tó ń pa á. Bí mo bá ní rárá, mo já tíṣà mi kulẹ̀ nìyẹn, lójú àwọn òbí mi, ọkùnrin tó wá bá mi bẹ̀bẹ̀. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo ń wo tíṣà kó gbà mí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Rárá, Bàbá," mo ní. "Kì í ṣe ohùn."

Tíṣà pa rẹkọ́dà. Ìgbà yẹn gan-an ni mànàmáná kọ lápá Àdétà, rédíò ojú fèrèsé sì dún ṣàà. Bàbá mi na ọwọ́ láti pa á, bó ṣe máa ń ṣe bí òjò bá ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á," mo ní. "Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe."

Mànàmáná tún kọ, rédíò dún ṣàà, ó pẹ́ díẹ̀ kí àrá tó kù.

"Rédíò dún kí àrá tó kù," mo ní. "Kò gbọ́ ohùn kankan nígbà yẹn, kò tíì sí ohùn láti gbọ́. Iná mànàmáná ló dé ara rẹ̀. Bí wáyà ọkọ̀ yẹn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Nǹkan kan mì, ó mọ̀ ọ́n lára. Àwọn èèyàn ló wá gbé e sẹ́nu gbohùngbohùn. Èyí tó ń súfèé yẹn, mànàmáná tó kọ ní Júpítà ló fà á. Ọ̀nà tó gbà jìn, ó sì nira. Èyí tó tínrín nínú rẹ̀ yára dé, èyí tó nípọn rẹ̀yìn, òun ló fi dà bíi pé ó ń rọlẹ̀."

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, ó wojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, ó ń fetí sí rédíò. Mànàmáná kọ, ó dúró, àrá kù. Ó tún dúró de òmíràn. Ó ṣe é títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí tíṣà.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pè é ní ohùn."

Tíṣà fi ọwọ́ pa orí. "Mo rò pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wáyà fún yín, kò ní yé yín ni, Alfa. Ẹ má bínú."

"Ẹ ò fọkàn tán mi." Bàbá mi nawọ́ sí ife omi tó wà nílẹ̀. "Omi wa náà ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

Mo rò pé tíṣà á tún sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán. Bóyá ó ti sú u láti máa purọ́ lọ́jọ́ náà. Ó wo agbada tí omi wàláà wà nínú rẹ̀, ó wo àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun wá sí Ìlọrin, ìyá òun kìlọ̀ fún òun kí òun má ṣe mu omi nílé alfa, pé hàntú ni wọ́n máa ń fún àlejò mu, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ kúrò lára wàláà, pé bí òun bá mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́ òun á ti máa wá ibi tí òun á ti kírun.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Tíṣà, àwọn èèyàn ń ti Jẹ́bà wá tọrọ hàntú lọ́dọ̀ mi, kì í ká wọn. Ta ni mo fẹ́ wá fi ṣòfò fún?" Ojú rẹ̀ wá le. "Ẹ ní kí n gba ohun tó ti ọ̀dọ̀ Múṣítárì wá, ibi tí ẹnikẹ́ni ò dé rí. Ẹ̀yin ò sì lè mu omi tí kànga rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé níbí. Ìyá mi, mú wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i."

Mo mú tíṣà lọ sí ẹ̀yìn ilé. Fúnra rẹ̀ ló ju fami sínú kànga, tó fà á jáde, tó sì yọjú wò ó dáadáa. Mi ò bá a wí, èmi náà ì bá wò ó. Ẹ̀kán òjò ti ń bọ́.

"O ò gbè mí," ó ní, láì wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ gbé agogo sínú gíláàsì, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mu omi náà tán, ó sì tún bu òmíràn. Òǹgbẹ ti ń gbẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tí a wọlé padà, òjò ti dé. Bàbá mi ti pa rédíò. Ó ní kí a jókòó.

"N ò gba ẹ̀rí yìí," ó ní.

Mo wo ìyá mi, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀rọ yẹn ò ní ahọ́n, kò lè purọ́ fún mi. Àwọn tó ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni n ò mọ̀. Wọ́n jìnnà, wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Tíṣà yìí, ọmọlúàbí ni wọ́n, mo ti rí i. Síbẹ̀ wọ́n fún ohun tí ò lóhùn ní ohùn, kí ó lè wọ̀ mí létí. Bí ọmọlúàbí bá ṣe é, àwọn tó kù ńkọ́?" Ó yíjú sí mi. "Ẹnì kan láti ilé yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹni tí wọ́n bá ní ohùn ni, tó máa ní rárá, kì í ṣe ohùn. Mi ò rí ẹlòmíràn. Máa lọ, Ìyá mi. Lọ máa ṣọ́ wọn."

Bí mo ṣe wọ yunifásítì nìyẹn. Mo sunkún lẹ́yìn àmù kí wọ́n má rí mi. Àwọn àbúrò bàbá mi wá, wọ́n ní kí ni mo ń lọ ṣe níbẹ̀, bàbá mi ní mo ń lọ ṣọ́ àwọn kan fún òun.

Mo ṣọ́ wọn lóòótọ́. Ní kíláàsì, èmi ni mo máa ń béèrè ẹni tó wọn nǹkan, ohun tó fi wọ̀n ọ́n, àti bóyá ẹlòmíràn ti wọ̀n ọ́n. Àwọn olùkọ́ mìíràn kò fẹ́ràn mi. Bí mo bá sì wálé, bàbá mi á béèrè ohun tí wọ́n tún sọ nípa Múṣítárì, màá sọ, á ní, "Wọ́n ní. Àwọn wo ni wọ́n?" Títí ó fi darúgbó, kò jẹ́ sọ fún mi pé òun gba ọ̀kankan gbọ́.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo ta wáyà sórí òrùlé ilé tí mò ń gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iná tí mànàmáná ń fọ́n káàkiri. Súfèé kò wọ́pọ̀ ní apá ibi tí a wà yìí. Mo ṣọ́ ọ títí, ọjọ́ kan ló wọlé, ó ti òkè rọlẹ̀ bíi ti inú kásẹ́ẹ̀tì. Èmi náà fura sí i. Mo tú gbogbo wáyà náà palẹ̀, mo tún un tò, mo sì dúró títí mo fi tún gbọ́ ọ kí n tó lọ sílé lọ sọ fún bàbá mi. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Mo ní wọ́n ti rí irú nǹkan ti Múṣítárì níhìn-ín, ní Ìlọrin.

"Àwọn wo ni wọ́n?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo wà níbẹ̀."

Ó la ojú sí mi. Ó ní kí n gbé òun jókòó, mo gbé e jókòó, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ó gbá aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe bí ẹlẹ́rìí bá dé.

"Kí lo rí?" ó ní.